Ṣé Ọ̀bọ Ló Bí Wa Ni?

Lọ́dún 1858, ilé iṣẹ́ Smithsonian ní Washington tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá kan jáde. Òyìnbó Onítẹ̀bọmi kan, ọmọ Georgia, tó ń jẹ́ Thomas Jefferson Bowen, ló kọ ọ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan tó fi rìn káàkiri ilẹ̀ wa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1859, Charles Darwin tẹ tirẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé tó fi ṣàlàyé bí oríṣiríṣi ẹ̀dá ṣe ń yọ jáde lára àwọn tó ti wà ṣáájú wọn. Ìwé méjèèjì ò mọ ara wọn rí. Bowen ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi wàásù fún wa, Darwin ń wá ìdí tí ẹyẹ erékùṣù kan fi yàtọ̀ sí ti èkejì. Àmọ́ ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá ṣe SS3 ní Òkè-Ògùn bíi tèmi, ẹ ó mọ̀ pé inú kíláàsì Báyọ́lọ́jì ni àwọn méjèèjì ti wá pàdé nígbẹ̀yìn. Ìpàdé ọ̀hún ò sì dùn.

Àárín àwọn tó ń lọ mọ́ṣáláṣí àti àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dàgbà sí ní Ṣakí, bíi ti ọ̀pọ̀ wa. Àwọn Onítẹ̀bọmi ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n sì bí sí ọsibítù wọn. Lọ́jọ́ kan náà nílé ìwé, mo lè gbọ́ nínú CRK pé ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá ayé, kí aago lù, kí tíṣà Jọ́gíráfì wọlé, kó ní òkúta tó di òkè wa, láti Adó-Àwáyè títí dé Ìgbẹ́tì, ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Àwa náà á kọ ọ́ sínú nóòtù. Ẹnikẹ́ni ò jà. Ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ yíjú wo ẹnì kejì. Òkúta lè dàgbà bó ṣe wù ú, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí èèyàn ni ariwo ń sọ.

Nígbà tó dé orí èèyàn, tíṣà wa (mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé ìwé) kọ Lamarck sójú bọ́ọ̀dù, ó ya àgùfọn tó ń na ọrùn, ó kọ Darwin sábẹ́ rẹ̀, ó ka ìlà mẹ́wàá fún wa, ó wá gbọn ẹfun ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ fún WAEC o. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ ò bí ẹnikẹ́ni nílé bàbá mi." Gbogbo kíláàsì fẹ́ kú fún ẹ̀rín. Bí a ṣe parí ẹ̀kọ́ náà nìyẹn, láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú mi, tó ń fẹ́ lọ kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì, nawọ́ sókè láti béèrè nǹkan. Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìdánwò ò ní bi í ní ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín yẹn, nítorí pé níbòmíràn ẹ̀rín kọ́ ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ náà, kóòtù ni wọ́n gbé e lọ.

Lọ́dún 1925, ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé tíṣà ilé ìwé ìjọba kankan kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ pé ara ẹranko ni èèyàn ti wá. John Scopes, tíṣà kan ní ìlú Dayton, gbà kí wọ́n fi òun dán òfin náà wò. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n ní kó san 100 dọ́là. Ilé ẹjọ́ tó ga ní ìpínlẹ̀ náà yí ìdájọ́ yẹn padà ní 1927 nítorí àṣìṣe kan nínú bí wọ́n ṣe bu owó ìtanràn lé e, àmọ́ òfin náà wà níbẹ̀ títí di 1967. Ní 1968, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní irú òfin bẹ́ẹ̀ tako ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn. Ní 1987, ilé ẹjọ́ kan náà tún ní kò sáàyè láti pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ́ ìtàn ìṣẹ̀dá gẹ́gẹ́ bíi sáyẹ́ǹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Darwin. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àwọn kan wá gbé orúkọ tuntun dé, intelligent design, ìyẹn ni pé ara ẹ̀dá díjú débi pé ọlọ́gbọ́n kan ní láti ti ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ṣe é. Wọn ò ní Ọlọ́run ni o. Wọ́n ṣáà ní "ọlọ́gbọ́n kan".

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìwé ní agbègbè Dover, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, pàṣẹ pé kí wọ́n ka ìwé kékeré kan sétí àwọn ọmọ kí wọ́n tó kọ́ wọn ní Darwin. Ìwé náà ní ọ̀rọ̀ Darwin ṣì ní ihò nínú, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ sí i nípa ọ̀nà kejì lè lọ yá ìwé kan tó ń jẹ́ Of Pandas and People. Àwọn tíṣà Báyọ́lọ́jì kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní kà á. Àwọn ọ̀gá ló wá kà á fún àwọn ọmọ ní oṣù kìíní 2005. Òbí mọ́kànlá gbé ìgbìmọ̀ náà lọ sí kóòtù.

Apá kan nínú ẹjọ́ yẹn wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹ̀ka èdè mọ̀. Àwọn lọ́yà àwọn òbí gba oríṣiríṣi àkọpamọ́ ìwé Pandas yẹn, èyí tí wọ́n kọ kí ó tó di títẹ̀. Wọ́n tò wọ́n tẹ̀ léra bí àwa náà ṣe ń to ẹ̀dà ìwé àtijọ́ tẹ̀ léra láti mọ èyí tó ṣáájú. Nínú àwọn tó ṣáájú ìdájọ́ 1987, "creationists" ni wọ́n kọ, ìyẹn àwọn onígbàgbọ́ nínú ìṣẹ̀dá. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé ìdájọ́ náà, ó ti di "design proponents". Ibì kan wáà wà tí ọwọ́ ẹni tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ti yára jù, tó kọ "cdesign proponentsists": ọ̀rọ̀ tuntun jókòó sínú ikùn ọ̀rọ̀ àtijọ́, orí àti ìrù ti àtijọ́ sì yọ síta. Mo kàn sáárá sí ẹni tó rí i. Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí ìwé ti wá, ẹ̀dà rẹ̀ la ó tò; àwọn tí wọ́n ní ẹ̀dá ò ní ìtàn ìdílé fi ìtàn ìdílé ìwé wọn sílẹ̀ kedere.

Ní ogúnjọ́ oṣù kejìlá 2005, Adájọ́ John E. Jones, ẹni tí Ààrẹ George W. Bush yàn sípò, dájọ́ nínú ìwé olójú-ewé 139 pé ẹ̀sìn ni nǹkan náà, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì, kò sì gbọdọ̀ wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì nílé ìwé ìjọba. Kí ó tó dájọ́ náà ni àwọn ará ìlú ti dìbò yọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́jọ tí wọ́n tún jáde du ipò.

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló ń jà. Ní Kẹ́ńyà, nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Nairobi ń múra láti ṣí padà, ní nǹkan bí 2006 sí 2007, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Boniface Adoyo ní kí wọ́n má ṣe gbé egungun Ọmọkùnrin Turkana síwájú gbọ̀ngàn. Kamoya Kimeu, ọmọ Kẹ́ńyà, ló rí egungun náà ní 1984, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù kan àbọ̀ ọdún. Nílẹ̀ tiwa, ìjà ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tó gbóná jù ní ẹnu ọdún mélòó kan yìí wáyé ní 2017, nígbà tí ẹgbẹ́ CAN fárígá pé wọ́n da CRK àti IRK pọ̀ mọ́ iṣẹ́ mìíràn lábẹ́ orúkọ kan. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ọ̀ṣínbàjò tó ń delé Ààrẹ nígbà náà. Darwin? Kò sẹ́ni tó bá a jà, nítorí kò sẹ́ni tó kà á sí. Ó wà nínú sílébọ́ọ̀sì WAEC, ó ń sùn níbẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé àlàáfíà nìyẹn, pé àwa Yorùbá mọ bí a ṣe ń gba ẹ̀sìn mẹ́ta láyè nínú ilé kan. Èmi ò pe ìyẹn ní àlàáfíà. Ẹni tí wọ́n ní kó kọ nǹkan sílẹ̀ láì gbà á gbọ́, láì sì jiyàn rẹ̀, irọ́ pípa ni wọ́n ń kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí iṣẹ́ mi, ìyẹn èdè. Mo ti ń ronú pé ara ohun tó ń dà wá láàmú ni pé èdè wa ti dá ẹjọ́ yìí kí Darwin tó dé. Báwo lẹ ṣe ń pe Báyọ́lọ́jì ní Yorùbá? Ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè. Kí ni ẹ̀dá? Ohun tí a dá. A ò lè dárúkọ kòkòrò, igi tàbí èèyàn lápapọ̀ láì jẹ́ pé a ti sọ pé ẹnì kan ló dá wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá sọ pé ẹ̀dá yọ láti ara ẹ̀dá, gbólóhùn rẹ̀ ti ń bá ara rẹ̀ jà kó tó dé ìdí. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi èdè o, gbogbo èdè ló ní ohun tó ti gbà gbọ́. Àwọn kan ti ń kọ ẹfolúṣọ̀n báyìí. Kò burú, àmọ́ ó dà bí ẹ̀wù tí wọ́n rà ní òkìrìkà: ó wọ ara, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó rán an.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tíṣà wa ti wọ́ náà nìyẹn. "Ọ̀bọ ló bí wa" ni gbogbo ayé fi ń túmọ̀ Darwin ní Ṣakí, ní Ìṣẹ́yìn, àti ní ibi tí mo ti ń kàwé báyìí. Darwin ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ ni pé èèyàn àti ìnàkí ní baba ńlá kan náà, pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà sí méje ọdún sẹ́yìn ni ìdílé méjèèjì pínyà. Ta ló yẹ kí ìyẹn yé jù wá lọ? Ọmọ Òkè-Ògùn ni wá. A mọ̀ pé bí agboolé méjì bá ti ọwọ́ baba kan náà wá, ọ̀kan ò bí èkejì. Ìyekan ni wọ́n. Ìnàkí kì í ṣe bàbá wa, ìyekan wa tó jìnnà ni. Gbólóhùn kan péré nìyẹn, Yorùbá sì ni. Ká ní wọ́n sọ ọ́ fún wa, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ò bá dín kù. Àbí ẹ ti gbàgbé ìbejì? Gbogbo wa la gbọ́ nínú oríkì ìbejì pé wọ́n bá ẹdun tan. Ìyá ìbejì á kì wọ́n bẹ́ẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín ayọ̀. Ọmọ kan náà á dé SS3, á ní irú ọ̀rọ̀ yẹn bu òun kù.

Ẹ wo ohun mìíràn. Nínú ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn ará Ìgbẹ́tì àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí mọ̀ dáadáa, ihò àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Mejiro. Frank Willett, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́-Ilé ní 1956 sí 1957, ó sì rí òkúta kéékèèké tí ọwọ́ èèyàn fọ́ mú níbẹ̀, irú èyí tí àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ ń lò kí irin tó dé. Lọ́dún 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wú egungun èèyàn kan ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí Katerina Harvati, Chris Stringer àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tún un yẹ̀ wò ní 2011, wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 11,700 sí 16,300 ọdún, àti pé agbárí rẹ̀ ò rí bíi tiwa tán: ó gùn, ó sì rẹlẹ̀, ó jọ ti àwọn tó ti gbé Áfíríkà tipẹ́tipẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, egungun kan wà tí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé ń jiyàn lé lórí nípa bí èèyàn ṣe di èèyàn. Àgùfọn ni wọ́n fi kọ́ mi, àgùfọn tí n kò rí rí.

Ní kíláàsì ìtàn náà, nǹkan kan náà ni. Ọdún mélòó kan ni wọ́n tilẹ̀ fi yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò láàárín iṣẹ́ àwọn ọmọ kéékèèké kí wọ́n tó dá a padà. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ọ, Odùduwà á rọ̀ wá láti ọ̀run ní Ifẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, á ti Mẹ́kà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Samuel Johnson, àlùfáà tó gbé Ọ̀yọ́, ló kọ ìtàn Lámúrúdu ọba Mẹ́kà sílẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, wọ́n sọ ọ́ nù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un tò tó fi jáde ní 1921. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò ni pé Johnson fúnra rẹ̀ ò gba Mẹ́kà yẹn gbọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ó ní ó jọ Íjíbítì apá òkè tàbí Núbíà. Ibi tó parí èrò rẹ̀ sí lè má tọ̀nà, Saburi Bíòbákú àti àwọn mìíràn sì ti jiyàn lé e lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé ó yẹ̀ ẹ́ wò. Àlùfáà ni o! Kò ní kí a kọ ọ́ fún ìdánwò kí á má gbà á gbọ́.

Ọmọbìnrin tí wọ́n ní kó gbé ọwọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Lẹ́yìn ìpàdé kíláàsì ló sọ ìbéèrè rẹ̀ fún wa: kí ló dé tí chloroquine ò fi wo ibà mọ́? Àwọn òbí wa lò ó, wọ́n ṣì ń rántí bó ṣe ń yún wọn lára. Lọ́dún 2005 ni Nàìjíríà fi í sílẹ̀ fún oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ ni Darwin gan-an. Nínú ẹgbàágbèje kòkòrò ibà, díẹ̀ wà tí oògùn náà ò ràn nítorí ìyàtọ̀ kékeré kan lára wọn. Oògùn pa àwọn yòókù, ó fi àwọn díẹ̀ yìí sílẹ̀, àwọn ló wá ń bímọ. Ọmọ wọn jọ wọ́n. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn nìkan ló kù sójú ọ̀nà. Àgbẹ̀ wa mọ ìwà yìí, òun náà ló ń ya orí ọkà bàbà tó gbó dáadáa sọ́tọ̀ fún irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Oko àgbẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń yàn. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, oògùn ló ń yàn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá tíṣà wa rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ tó máa di nọ́ọ̀sì ní Òkè-Ògùn lọ́la ni wọ́n fi ẹ̀rín dá lóhùn.

Ní ti ọlọ́gbọ́n tó ya àwòrán, Yorùbá ní ìtàn tó ju tiwọn lọ. William Paley ti kọ ọ́ ní 1802 pé ẹni tó bá rí aago nílẹ̀ á mọ̀ pé alágo kan ló ṣe é. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tí ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí fi kọjá lára wọn lọ́fun wa, tí òkèlè fi ń há ọmọdé? Ọlọ́gbọ́n Dover ò ní èsì. Àwọn bàbá wa ní. Ọbàtálá ló ń mọ ara, ó sì mu ẹmu lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí arọ, abuké àti àfín fi jẹ́ ẹni òrìṣà tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orí, ilé Àjàlá alámọ̀ la ti ń yàn án, òmíràn jinná, òmíràn ò jinná, òjò á sì bà á jẹ́ lójú ọ̀nà. Ìtàn tó mọ̀ pé amọ̀ ń sán nìyẹn. N kò fẹ́ kí wọ́n gbé Àjàlá lọ sí kíláàsì Báyọ́lọ́jì o. Bí wọ́n bá gbé e débẹ̀, wọ́n á ní kó wá fi agbárí hàn, wọ́n á sì dójú tì í. Ibi tí Àjàlá ti ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ìwà, àyànmọ́ àti àánú ló ń sọ. Jẹ́nẹ́sísì náà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ́ wọn dáadáa ní àyè wọn, kí wọ́n sì kọ́ Darwin dáadáa ní tirẹ̀, kí ọmọ nawọ́ bó bá ní ìbéèrè.

Ṣé a lè fi Yorùbá kọ́ ọ? Lọ́dún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn. Lọ́dún 2022 ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Lọ́dún 2025 wọ́n fagi lé e. Ẹgbẹ́ wa ò gbọdọ̀ dúró de Àbújá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ àkòrí Darwin inú ìwé SS3, ojú ìwé méjì ló wà nílẹ̀, mo sì ti há sórí ọ̀rọ̀ kan. Mi ò fẹ́ ẹfolúṣọ̀n. Mo gbìyànjú ìyàdídíẹ̀, ó dún bí ẹni tó ń sá lọ. Mo gbìyànjú ìdiàmọ̀dì, ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ó jọ orúkọ oògùn. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù wọ́n lọ, kó mú un wá sí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, kó sì múra ìjà.